Àgbéyẹ̀wò Ìdérí Dífù Mẹ́ta tí Mo Ti Lò Lábẹ́ Jíìpù Mi

Jeep Wrangler JK, irú èyí tó jáde láàárín ọdún 2007 sí 2018, ni mo fi ń wọ inú àpáta àti ẹrọ̀fọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yà Rubicon, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú àpáta, nítorí náà irú tí wọ́n ń pè ní Dana 30 ni áásù iwájú rẹ̀ (ọ̀pá ńlá tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀), Dana 44 tó lágbára jù ú lọ sì ni ti ẹ̀yìn. Dífù ni ilé jíà tó wà lára áásù, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì. Ìdérí mẹ́ta ni mo ti dè mọ́ ti iwájú títí di òní: èyí tó bá ọkọ̀ wá, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, àti èyí tí wọ́n fi irin dídà ṣe. Ti ẹ̀yìn ṣì wà bó ṣe wà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Pánù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí abọ́ ni ìdérí tó bá ọkọ̀ wá. Kí ọ́ìlì má dànù, kí ìdọ̀tí má sì wọlé, ni wọ́n ṣe é fún. Wọn kò ní kó bá òkúta wọ̀jà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé jíà ńlá tó ń yí nínú dífù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíráùn, kò jìnnà sí ẹ̀yìn pánù náà rárá. Lọ́jọ́ tí mo gbá òkúta kan bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìrìn mi kò yá ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, síbẹ̀ pánù náà tẹ̀ wọnú, kíráùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, ó ń dún bí ẹni ń pọ́n àdá. Kí n tó rí ojú ibi tó tẹ́jú tí mo lè dúró sí, ó ti dá a lu. Mo tú u, mo fi òòlù lù ú padà síta, mo fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí ojú ihò náà, mo sì rọra wakọ̀ délé.

Ẹwà ló mú mi ra ti alumíníọ̀mù, n kò ní purọ́. Ó fúyẹ́, wọ́n sì fín ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà-ìlà kí afẹ́fẹ́ lè máa tu ọ́ìlì lára. Ọ̀rọ̀ ìtútù náà lè wúlò fún ẹni tó ń fa ẹrù wúwo ní ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rá pálá lórí àpáta kò ní rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Pánù máa ń tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n sísán ni ti alumíníọ̀mù mi sán, ní etí ìsàlẹ̀ gan-an níbi tí bóòtù wà. Èyí tó tún bí mi nínú ju sísán náà lọ ni pé orí àwọn bóòtù yọ síta gbangba. Òkúta ti ha méjì nínú mẹ́wàá títí orí wọn fi di roboto, sípánà kò rí ibi dì mú mọ́, a sì ní láti fi ìrin ṣóńṣó àti òòlù lé wọn yí kí wọ́n tó jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò lára ìkẹta nìyẹn. Etí rẹ̀ nípọn, wọ́n sì gbẹ́ ojú bóòtù wọnú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí bóòtù kankan tí òkúta lè fi ojú kàn. Irin dídà náà kì í ṣe irú èyí tó máa ń fọ́ bí àwo: èédú inú rẹ̀ rí roboto dípò pẹlẹbẹ, èyí ló sì jẹ́ kó lè gba ìkọlù láìsán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, òkúta a máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀ dípò kó há. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń lò ó. Ọ̀dà ti họ kúrò, kò sí ibi tó tẹ̀.

Kò ṣàìní àbùkù o. Ó wúwo, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti gbé e sókè ní ọwọ́ kan kò ní pẹ́ mọ̀. Ó tún nípọn débi pé ó súnmọ́ ọ̀pá ìyíkọ̀, èyí tí ìdarí fi ń yí táyà. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ yí ìdarí ọkọ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì wo àyè tó máa kù nígbà tí sípíríìngì bá tẹ̀ tán, pàápàá bí ẹ bá ti yí àwọn ọ̀pá náà padà nígbà tí ẹ gbé ọkọ̀ ga.

Ihò tí à ń da ọ́ìlì sí kó mi sí wàhálà tí n kò retí. Ti ìdérí tuntun yìí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, èmi sì da ọ́ìlì jíà (irú tí wọ́n ń pè ní 75W-90) títí ó fi ń ṣàn jáde lójú ihò bí mo ti máa ń ṣe. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù a máa hó bí ọṣẹ, ti èmi sì gba ojú rọ́bà tí dífù fi ń mí jáde, ó yí gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Nísinsìnyí mo máa ń wọn ibi tí ọ́ìlì dé nígbà tí ìdérí àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ń dúró sí. Ní ti dídè rẹ̀, mo fún bóòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ìkọjú-síra-wọn, nǹkan bí 40 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù), mo sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ di ọjọ́ kejì kí n tó da ọ́ìlì.

Ìdí tí mo fi fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ ni pé ìdérí iwájú kọjú sí ọ̀nà tí à ń lọ, òun ló ń kọ́kọ́ pàdé òkúta. Ti ẹ̀yìn kọjú sẹ́yìn, ìgbà tí mo bá ń fẹ̀yìn rìn tàbí tí ọkọ̀ bá yọ̀ padà lórí òkè nìkan ni ó ń fara gbá nǹkan. Àpá kan péré ló wà lára rẹ̀ látọdún yìí wá, kò sì jìn ju ojú èékánná lọ.