Orbit, Focus tàbí Brailliant? Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ bíréèlì fún kọ̀ǹpútà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà yọ ní àmì tí afọ́jú ń fi ìka kà, máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Lẹ́tà mélòó ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan?" 20 ni àbí 40. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ òun kọ́ ni yóò máa dà yín láàmú lọ́dún tó ń bọ̀. Bọ́tìnnì ìrìn ni: èyí tó ń gbé yín síwájú, tó ń dá yín padà, tó ń gbé cursor, àmì tó ń fi ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé hàn, lọ síbi tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Mẹ́ta tó ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi ní Ìbàdàn níbí ni mo fẹ́ fi wéra: Orbit Reader 20, Focus 40 àti Brailliant BI 40X.

Orbit ló rọjú jù. Owó Focus kan á ra Orbit mẹ́ta, ṣéńjì á sì kù. Ọfà mẹ́rin ló yí bọ́tìnnì Select ká, bọ́tìnnì tí ẹ fi ń ṣí ìlà, kí ẹ lè ka ìyókù tí kò gba ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, wà lọ́tùn-ún àti lósì. Kò ṣòroó mọ̀. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé kò ní cursor routing, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tó máa ń jókòó sókè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ká ní "Agodi" lẹ fẹ́ kọ, tí ẹ wá kọ "Agoodi" sáàárín ìlà. Lórí àwọn méjì yòókù, ẹ ó kàn sún ìka sókè díẹ̀ láti orí "o" kejì, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, cursor ti débẹ̀. Lórí Orbit, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn lẹ ó máa rìn, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ tí Micra ń kọjá lára rẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ tún máa ń pariwo bí wọ́n ṣe ń yọ, wọn ò sì yára. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ló fẹ́ máa kà ò ní í ka gbogbo èyí sí.

Focus ni mo kọ́kọ́ ní, tòkunbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bọ́tìnnì ìrìn apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú: mo tẹ̀ ẹ́ kí n bọ́ sí ìlà tó kàn, ó fò mí lọ sí ìpínrọ̀ mìíràn. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí, síbẹ̀ ó ní eruku ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́, pé ká tú u. Ọpẹ́lọpẹ́ síkúrù ìdí rẹ̀ tí kò gbà fún irinṣẹ́ bàbá náà! Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ rárá. Bọ́tìnnì Mode kékeré kan wà lókè bọ́tìnnì ìrìn ọ̀hún. Lábẹ́ JAWS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún afọ́jú, bí ẹ bá tẹ Mode, ìrìn yóò kúrò ní ìlà, á di gbólóhùn, á di ìpínrọ̀, á di ṣíṣí ìyókù ìlà, kó tó padà sí ìrìn ìlà. Ìka mi ló ti ṣèèṣì kàn án. Ilé iṣẹ́ kan náà, Freedom Scientific, ló ṣe Focus àti JAWS, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ JAWS lẹ̀ ń lò, mi ò ní pè yín kúrò nídìí Focus.

Ti Brailliant, tí HumanWare ti Kánádà ṣe, àtàǹpàkò ló wà fún. Bọ́tìnnì mẹ́rin tò sí iwájú rẹ̀: méjì àárín ń ṣí ìlà, méjì ẹ̀gbẹ́ ń gbé yín lọ sí nǹkan tó kàn tàbí èyí tó ṣáájú. Ọwọ́ ò ní kúrò lórí bíréèlì rárá. Ó kàn jẹ́ pé ó ní àkójọ iṣẹ́ tirẹ̀ nínú. Bí ẹ ò bá wọ Terminal, ibi tó ti ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ ó máa tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà ò ní mira. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì Home láàárín iṣẹ́, ẹ ti jáde nìyẹn.

Èyí tó bá wù yín nínú wọn, ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà bíi JAWS, dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Ẹ pa Narrator, ètò ìkàwé ti Windows fúnra rẹ̀, torí ó lè gba ẹ̀rọ náà mọ́ NVDA lọ́wọ́. Ẹ wá di Insert mú, kí ẹ tẹ 1. Láti ìgbà yẹn, bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. NVDA yóò kàn máa pe orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní orúkọ ṣùgbọ́n tí kò níṣẹ́, ẹ lè fún un níṣẹ́ ní Input Gestures nínú NVDA. Èyí tí kò bá fọhùn rárá ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ní Bódìjà, àbúrò kan fẹ́ ta Brailliant tòkunbọ̀ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kò ní nǹkan kan, bíi tuntun ni."

"Mo gbọ́, àbúrò. Jẹ́ kí ọwọ́ mi náà gbọ́."

Mo tẹ gbogbo rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Bí gbogbo bọ́tìnnì bá yadi pọ̀, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wáyà fóònù tó ń gbé iná nìkan ló fi so ó. Mo fi tèmi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo wá ń tẹ cursor routing lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì. Àbúrò ti ń mí hẹ̀. Ìkọkànlélọ́gbọ̀n ò dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní kí òun náà tẹ̀ ẹ́.

Ó yọ nínú owó rẹ̀, mo sì rà á. Bí mo bá fẹ́ dé lẹ́tà kọkànlélọ́gbọ̀n, bọ́tìnnì tó ṣáájú rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀, màá wá fi ọfà sún síwájú lẹ́ẹ̀kan.