Ìkìlọ̀ o: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta góòlù OSRS tó ń pè yín ní "ẹ̀gbọ́n mi"

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń gbá Old School RuneScape (OSRS), géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Jagex ń ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Oníjìbìtì kan wà lórí Discord tó ń ta góòlù, ìyẹn owó inú géèmù náà, àwa Yorùbá gan-an ló sì ń wá kiri. Ó gbowó mi lóṣù tó kọjá. Mo fẹ́ fi ìtìjú pa ẹnu mọ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ó ti gba ti ẹlòmíì lẹ́yìn mi.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ó rí orúkọ mi, ó mọ ibi tí mo ti wá, ló bá kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn." Ó ní Bódìjà lòun wà, n'Íbàdàn, pé owó góòlù lòun fi ń tọ́jú ìyá òun. Manchester ni mo wà, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Bí èèyàn bá ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìgbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni, irú ìkíni bẹ́ẹ̀ máa ń wọni lára. Mo dá a lóhùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ tọ́ 10M (mílíọ̀nù mẹ́wàá góòlù) wò, pọ́n-ùn 2 péré. Mo sanwó, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí 10M mi fi wọlé, kò dín kọ́bọ̀. Ìjẹ ló fi sẹ́nu ìwọ̀ yẹn, mo sì gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì mo san pọ́n-ùn 60 fún 400M.

Grand Exchange, ìyẹn ọjà inú géèmù náà, la ti pàdé, ní world 302, ọ̀kan lára àwọn sáfà géèmù náà. Level 3 ni àkáǹtì tó fi wá, ìyẹn ni pé kò tíì bá ohunkóhun jà dé ibì kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ká pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, 50M lẹ́ẹ̀kan, kí ojú Jagex má baà tó wa. Ó tún ní kí n fi nǹkan gidi kan sí ẹ̀gbẹ́ tèmi kó lè dà bíi pé a jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀, pé òun á dá a padà tá a bá parí. Mo fi abyssal whip mi, ohun ìjà kan, sí i. Ẹni tó bá mọ whip á mọ ohun tí mò ń sọ: ó dìgbà téèyàn bá dé ìpele 85 nínú Slayer, iṣẹ́ ọdẹ inú géèmù, kó tó lè pa abyssal demon, ẹ̀ẹ̀kan nínú 512 ló sì máa ń jábọ́ lára wọn. Whip mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò fowó rà á, ọwọ́ mi ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé 50M kalẹ̀, ó tún yọ ọ́ kúrò, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì òun ń ṣe ségesège. Ó tún gbé owó kalẹ̀. Mo tẹ Accept, mo tún tẹ Accept lójú ìwé kejì. 5000K, ìyẹn 5M, ló gbé kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe 50M. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ máa wo àwọ̀ nọ́ńbà náà. Owó tó bá ti tó 10M, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èyí tó bá tó 100K àmọ́ tí kò tó 10M, funfun ni. Funfun lèyí tó wà níwájú mi yẹn. Ojú mi rí i, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀, torí aago márùn-ún ìdájí ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti jáde. Whip mi bá a lọ. Mo sáré lọ sórí Discord, ó ti blọ́ọ̀kì mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, géèmù ò gbà mí wọlé mọ́. Jagex ti ti àkáǹtì mi pa fúngbà díẹ̀, wọ́n sì ti kó góòlù tí mo rà lọ. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Òfin wọn ò gba kéèyàn fowó gidi ra góòlù lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹni tó tà jẹ̀bi, ẹni tó rà jẹ̀bi, mo sì mọ̀ kí n tó rà.

Ohun kan ló dùn mí ju owó lọ. Kí n tó san pọ́n-ùn 60 yẹn, mo bi í níbo ló ti ń rí góòlù tó pọ̀ tó báyìí. Ó fi fọ́tò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ojú géèmù kéékèèké bí ogójì ló kún orí ẹ̀, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan dúró síwájú igi yew, aṣọ kan náà, àáké kan náà, ibi kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Bọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbá géèmù fúnra rẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn, mo mọ ohun tó jẹ́, mo ṣì sanwó.

Èmi náà ti gé yew rí. Nígbà tí mi ò ní kọ́bọ̀ nínú géèmù yìí, yew ni mò ń gé tà. Bọ́ọ̀tì kì í sùn, kì í jẹun, kì í lọ síbi iṣẹ́. Tí ogójì wọn bá ń gé igi tọ̀sán tòru, tí ẹgbẹ̀rún àwọn míì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo igi yẹn ń dà sínú Grand Exchange, iye rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀. Ẹni tó jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, owó tó máa rí fún wákàtí kan á dín kù, láìjẹ́ pé ó ṣe ohun tó burú kankan.

Ìyẹn apá kan. Apá kejì ni góòlù tó ń jáde láti inú afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi High Alchemy, idán tó ń sọ nǹkan di góòlù, yí rune platebody (ẹ̀wù irin) kan padà, géèmù á fún yín ní 39,000. Kò sí ẹni tó san owó yẹn, ṣe ni géèmù ṣẹ̀dá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò burú tó bá jẹ́ èèyàn ló ń ṣe é. Àmọ́ tí ogun bọ́ọ̀tì bá ń pa ẹranko tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń yí ohun tó ń jábọ́ padà sí góòlù, owó á pọ̀ yanturu, ohun tí bọ́ọ̀tì ò lè tètè rí á sì gbówó lórí. Twisted bow, ọrun ìjà kan, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan tipẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá wà láàárín: ohun tó lè tà ti di pọ́ọ́kú, ohun tó fẹ́ rà ti wọ́n kọjá agbára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ló máa gbà lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta góòlù ni. Ẹni tó ba ọjà jẹ́ náà ló tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ta oògùn rẹ̀ fún wa.

Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa rántí January 2008. Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Jagex wà, ọdún 2001 ni wọ́n sì gbé RuneScape jáde. Nígbà yẹn, àwọn tó ń ta góòlù ń fi káàdì báǹkì tí wọ́n jí san owó àkáǹtì àwọn bọ́ọ̀tì wọn. Wàhálà náà pọ̀ débi pé Jagex fòpin sí pàṣípààrọ̀ ọ̀fẹ́ pátápátá. O ò lè ta ọ̀rẹ́ rẹ lọ́rẹ ohun tó tóbi mọ́. Ó di February 2011 kí wọ́n tó dá a padà, bọ́ọ̀tì sì tún ya wọlé bí omi, títí wọ́n fi ti àkáǹtì tó lé ní mílíọ̀nù kan pa lóṣù October ọdún yẹn. Ní OSRS tiwa yìí, láti December 2021, wọ́n ń yọ 1% lórí ohun tá a bá tà ní Grand Exchange láti fa owó kúrò nínú ọjà. Ní 2025 ó di 2%. Àpò gbogbo wa lówó yẹn ti ń jáde, títí kan ẹni tí kò ra góòlù rí láyé rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta góòlù ló ń lo bọ́ọ̀tì. Nígbà tí owó Venezuela di yẹpẹrẹ, àwọn èèyàn ibẹ̀ jókòó, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn pa green dragon láti rí oúnjẹ fún ọmọ wọn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àìdáa sí wọn, bọ́ọ̀tì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn náà. Aṣọ irú wọn ni oníjìbìtì yìí wọ̀ wá bá mi, pẹ̀lú ìtàn ìyá rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá nílò góòlù lóòótọ́, bond ni kẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ Jagex fúnra wọn. Ó ti wà láti 2015. Ẹ lè fi gba membership ọjọ́ 14, ẹ sì lè tà á ní Grand Exchange. Góòlù rẹ̀ ò ní pọ̀ tó èyí tí oníjìbìtì ṣèlérí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní wá gbà á padà. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó fún un, ẹ pe báǹkì yín lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Tó bá ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín, tẹ́ ẹ sì ti kọ password yín síbẹ̀, ẹ yí i padà kíákíá, ẹ fi Authenticator (kóòdù ààbò kejì) sí i. Ẹ má sì gbé ohun ìní yín sójú pàṣípààrọ̀ nítorí pé ẹnì kan ní òun máa dá a padà.

Ó ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tó ti gbowó mi, torí náà orúkọ ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kò tíì yí padà. Tẹ́nì kan bá kí yín kú òtútù, tó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, tó wá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ 10M wò, òun náà ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ tẹ Report, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ tuntun tó ń jẹ́ ránṣẹ́ sí mi, mò ń kó gbogbo wọn jọ.