Awọ Fẹ́lẹ́, Awọ Tó Nípọn: Máṣínì Wo Ni Kẹ́ Ẹ Rà?

Kẹ́ ẹ tó ná máṣínì kankan, ẹ gé díẹ̀ dání lára awọ tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́. Ẹ ká a léra títí á fi nípọn tó ibi tó ki jù lára iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń tà á rán an lójú yín. Ihò abẹ́rẹ́ lára aṣọ máa ń pa dé. Ti awọ kì í pa dé láéláé. Tí máṣínì bá fo ìrán, awọ yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn.

Singer dúdú táwọn ìyá wa fi ránṣọ ṣì wúlò fún pọ́ọ̀sì. Awọ ewúrẹ́ tí kò ju mílímítà kan lọ, tẹ́ ẹ bá kó méjì léra, á gbà á, bẹ́ ẹ bá ti fi abẹ́rẹ́ awọ nọ́ńbà 90 tàbí 100 sí i. Níbi tó bá ti ki, ẹ fọwọ́ yí wíìlì rẹ̀. Ẹ má fi í rán bẹ́líìtì.

Ibi tówó ti ń ṣòfò jù ni máṣínì aṣọ ti ilé iṣẹ́, irú Juki DDL-8700. Ó lè rán tó ìrán 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Eyín abẹ́ nìkan ló ń fa awọ lọ. Awọ òkè á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ máṣínì, á máa kẹ́yìn, etí báàgì kan á sì gùn ju èkejì.

Ẹ wá fi í wé Juki DNU-1541, tó jẹ́ walking foot. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bá awọ rìn, ẹsẹ̀ méjì sì ń gba ara wọn lọ́wọ́ lókè, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Awọ òkè àti tìsàlẹ̀ á jọ dé. Kò yára tó ti aṣọ, 2,500 ni òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fi awọ sáré? Ó ń gba òwú nylon nọ́ńbà 69 àti 138. Báàgì, bẹ́líìtì, ojú bàtà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, òun ni kẹ́ ẹ rà, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀.

Juki TSC-441 wà fún gàárì ẹṣin àti awọ tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ má fi í rán pọ́ọ̀sì: abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tóbi jù.

Singer 29K, tí wọ́n ṣe ní Clydebank ní Scotland, ti àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí po, apá rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń wọnú bàtà. Bọ́bìnì rẹ̀ kéré, kò sì dáa fún ìrán gígùn.

Ẹ tún wo mọ́tò abẹ́ tábìlì. Ti clutch á máa yí látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tan án, ẹ rán nǹkan o, ẹ ò rán nǹkan o, jẹnẹrétọ̀ yín á sì máa mu epo. Ti servo ò ní yí àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sì lè dín eré rẹ̀ kù títí tó fi ń rán ìkọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá gbé clutch fún yín, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.