X kì í ṣe Rárá: ìfiwéra irinṣẹ́ márùn-ún kí ẹ tó sanwó fún áàpù ṣọ́ọ̀bù yín

Áàpù àkọ́kọ́ tí mo gbowó lé lórí, màmá kan tó ń ta léèsì ní ọjà Wuse, níbí ní Àbújá, ni mo kọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tó ń bá wọn tajà ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lórí àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Àpótí kékeré fò jáde, ó ní: “Ṣé kí n pa á rẹ́?” Àyà ọmọ náà já. Kò tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, kò tẹ Rárá. X tó wà lókè ló tẹ̀, kí àpótí náà ṣáà lè kúrò lójú rẹ̀. Gbogbo gbèsè náà pa rẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Odindi ọjọ́ méjì ni èmi àti màmá fi jókòó ti ìwé rìsíìtì, tí à ń tún orúkọ kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí wọ́n fi kọ áàpù òun, ọ̀rọ̀ àpótí yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ.

Java Swing, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù kọ̀ǹpútà ní èdè Java, ni mo lò fún màmá. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux. Nọ́ńbà ni showConfirmDialog, àṣẹ tó ń gbé àpótí ìbéèrè jáde, fi ń jíṣẹ́: 0 ni Bẹ́ẹ̀ ni, 1 ni Rárá, 2 ni Cancel (ìfagilé), bí èèyàn bá tẹ X tàbí Esc orí kíbọ́ọ̀dù, -1 ni. Ohun tí mo kọ ni pé bí ó bá jẹ́ 1, kí áàpù fi í sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó pa á rẹ́. -1 kì í ṣe 1, ó bá pa á rẹ́. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé kí ó má pa á rẹ́ àfi tó bá jẹ́ 0. Ìlà kan péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Windows Forms ti Microsoft kò ní gba irú àṣìṣe yẹn láyè. Bí Yes àti No nìkan bá wà nínú àpótí, X kò ní ṣeé tẹ̀, Esc náà kò ní ṣe nǹkan kan. Dandan ni kí èèyàn dáhùn. Enter ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ló ń mú, Yes sì nìyẹn, àyàfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá fi MessageBoxDefaultButton.Button2 sí i, èyí tó ń jẹ́ kí Enter mú bọ́tìnnì kejì. Ṣọ́ọ̀bù tó ń fi ẹ̀rọ ka bákóòdù kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo èyí, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn ló ń fi Enter parí nọ́ńbà tí wọ́n bá kà. Ẹ ka agolo mílíìkì kan nígbà tí àpótí ṣì wà lójú, áàpù á gbà pé ẹ ti ní Bẹ́ẹ̀ ni.

Python pẹ̀lú tkinter kò gba owó, ó sì yá láti kọ. Ẹ jẹ́ ká ní àpótí ń béèrè bóyá kí áàpù fi iṣẹ́ pamọ́ kó tó pa dé: askyesnocancel, àṣẹ tó ń gbé e jáde, ń dá True (Bẹ́ẹ̀ ni), False (Rárá) tàbí None padà. Cancel ni None, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fi “if not” yẹ̀ ẹ́ wò, ìkan náà ni None àti False lójú Python. Ẹni tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ á wá rí i pé áàpù ti pa dé láì fi nǹkan kan pamọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí bọ́tìnnì sọ Yorùbá tàbí Hausa sí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjì tó kù ni kí ẹ fi wéra dáadáa. Àpótí MessageBox ti Windows Forms kò jẹ́ kí ẹ yí ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì padà.

Electron gbà yín láyè. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ Esc, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “cancel” tàbí “no” sí ló ń wá. Bí kò bá rí i, tí wọn kò sì fi cancelId, nọ́ńbà bọ́tìnnì ìfagilé, sí i, 0 ló máa mú, ìyẹn bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ẹ kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” ṣáájú “Rárá”, Esc ti di Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Kò gbọ́ Rárá, kò gbọ́ A'a tí Hausa ń pe Rárá. Ó tún gbé odindi Chromium, áàpù tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú, ó sì wúwo fún kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ.

Qt ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń kọ ọ́ á sọ iṣẹ́ bọ́tìnnì fún un lọ́tọ̀, á sọ ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá kọ “A'a” sí i, tí ẹ fún un ní NoRole (iṣẹ́ Rárá), Esc àti X á mọ̀ pé òun ni kíkọ̀. Láìsẹ́nsì olówó wà fún un, LGPL tí kò gba owó náà sì wà. Bí wọ́n bá fi owó láìsẹ́nsì Qt kún owó iṣẹ́ yín, ẹ bi wọ́n pé èwo ni, àti ìdí tí LGPL kò fi tó.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, kí ẹ tó san ìyókù owó, ẹ kọ gbèsè ayédèrú kan sínú rẹ̀, ẹ tẹ ìparẹ́, kí ẹ sì tẹ X. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú Esc, lẹ́yìn náà pẹ̀lú Enter, kí ẹ wá ka bákóòdù kan sí i. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá gbèsè náà ṣì wà níbẹ̀.