Anki àti Gẹ̀ẹ́sì Ńlá: Oṣù Méje Nínú Mọ́tò Kubwa

Kubwa ni mò ń gbé, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́, l'Abuja níbí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn láàárọ̀ mọ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ rẹ̀ ṣe rí. Inú mọ́tò ni mo ti ń lo Anki, áàpù tó ń fi káàdì ránni létí ohun téèyàn ń kọ́, láti oṣù méje sẹ́yìn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀gá wa fi ń kọ lẹ́tà ju èyí tí mo gbé wá láti Ìkìrun lọ.

Ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Àwọn oní-iPhone ló ń sanwó. Kò sì ń jẹ dátà bí èèyàn bá ti gbé káàdì rẹ̀ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ wà níwájú káàdì, ìtumọ̀ wà lẹ́yìn. Bó o bá ti yí i, wàá tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnnì mẹ́rin: Again, Hard, Good, Easy. Èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn yóò pẹ́ kó tó padà wá. Èyí tó bá ń bọ́ lórí rẹ, àfi bí ẹni tó jẹ gbèsè ẹ, gbogbo ìgbà ni wàá máa rí i.

Ṣùgbọ́n káàdì tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé wọlé, ibẹ̀ sì ni mo ti kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Wọ́n ní "enervate" ni kéèyàn fún ẹlòmíì lókun. Ọ̀gá wa kan ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n kọ káàdì ìkíni, mo bá kọ ọ́ gàdàgbà pé "Your presence always enervated us." Màmá kan ní ọ́fíìsì wa, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ní Ìlọrin, kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀gá ló ń gba okun lára yín?"

Màmá náà ṣàlàyé pé iṣan ni nervus lédè Látìnì, pé kí wọ́n yọ iṣan lára èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé káàdì ò tí ì dé ọwọ́ ọ̀gá.

Ọjọ́ yẹn ni mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ káàdì báyìí, Yorùbá ló sì wà lẹ́yìn wọn. "Parsimonious" ti yọ mí lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ "ahun" sí i, kò sọnù mọ́. "Procrastinate": fònídónìí, fọ̀ladọ́la. Lẹ́yìn "disinterested," mo kọ ọ́ pé adájọ́ tí kì í ṣègbè ni. "Uninterested" ni adájọ́ tó ń sùn ní kóòtù.

Ogún ọ̀rọ̀ tuntun ni Anki máa ń gbé wá lóòjọ́ béèyàn ò bá yí iye náà padà. Mo dín in sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo lọ sílé ọdún Iléyá, tí mi ò fọwọ́ kàn án, tí káàdì wá gun ara wọn bí àpò ìrẹsì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ kọ JAMB ní kí n fún òun ní tèmi, torí ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English. Mo ní kó lọ kọ tirẹ̀. Ó ti kọ mọ́kànlá, ó sì ń bínú sí mi.