Láfún Abẹ́òkúta: bó ṣe dára tó fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò, àti ibi tó ti máa ń dunni

Ẹni tó bá wọ ọjà Kútọ̀ tàbí Làfẹ́nwá láti ra oúnjẹ tó máa gbé padà sókè òkun, ìrẹsì ọ̀fàdà lojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Láfún ló mọ ìrìn-àjò jù nínú oúnjẹ Ẹ̀gbá: ó gbẹ, kò ní òkúta tí a ń ṣà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ti tó láti rò ó. Bí a bá ní ká fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Ohun tó gba ẹyọ kan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé èyí tó dáa àtèyí tí kò dáa jọra wọn nínú ọ̀rá. Ìgbà téèyàn bá délé tán ló máa ń mọ èyí tó rà.

Gbágùúdá ni wọ́n máa ń bó, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí á fi rọ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bí ọjọ́ rírẹ kò bá pé, oró inú pákí kò ní jáde tán, láfún náà á sì korò. Ẹ má sè é, ẹ dà á nù. Bí òjò bá ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ń sá a, ìta rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á bu. Nítorí náà, láfún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíi Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta, ló ṣeé gbọ́kàn lé jù. Ibi tí wọ́n sá a sí náà ṣe pàtàkì: orí àpáta tó mọ́ dára, etí títì kò dára, torí eruku ọkọ̀ á bá a lọ.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Ẹ ra èyí tó ṣì wà ní ègé gbígbẹ, kí ẹ mú ọ̀kan tó tóbi, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì. Èyí tó gbẹ dáadáa á dún “kà”, inú rẹ̀ á funfun bí ẹfun. Bó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, kò tíì gbẹ. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí àwọ̀ ewé nínú rẹ̀, ẹ kí ìyá ọlọ́jà pé ẹ kú ọjà o, kí ẹ máa lọ. Òórùn kíkan díẹ̀ kò burú, òun gan-an ni láfún fi ń jẹ́ láfún. Òórùn ebu, tó dà bí aṣọ tí kò rí oòrùn, nìkan ni kẹ́ ẹ sá fún. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ má sì gbàgbé ènì.

Bẹ́ ẹ bá gbé e dé ibi ẹ̀rọ, ẹ béèrè ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ èlùbọ́ iṣu ni, láfún tó bá kọ́kọ́ jáde á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ kan fọ ẹ̀rọ ná. Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe tó ń ba láfún àwọn arìnrìn-àjò jẹ́ jù: wọ́n á rọ ọ́ sínú ọ̀rá ní gbígbóná bó ṣe ń tẹnu ẹ̀rọ jáde, wọ́n á so ó pinpin. Láfún náà á làágùn nínú ọ̀rá, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó ti dì gbagidi. Ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè títí yóò fi tutù pátápátá, ẹ fi asẹ́ kékeré jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó dì í sínú ọ̀rá méjì tó nípọn.

Fún iyanrìn, ẹ bu ṣíbí kan sínú ife omi, ẹ rò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra da omi funfun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iyanrìn á kù sísàlẹ̀ ife, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ha lábẹ́ ṣíbí. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ti dì, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kúnná jù, iyanrìn rẹ̀ sì sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣẹ́ ẹ wò.

Nínú báàgì ńlá ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń gbé wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ìyẹ̀fun tó bá ju 350 mílílítà lọ nínú báàgì ọwọ́ ń fa àyẹ̀wò, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oúnjẹ náà sára ọ̀rá. Ẹran àti pọ̀nmọ́ kò gbọdọ̀ bá a lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á gbà á. Irú woro tí a sá gbẹ sàn ju irú pẹ̀tẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ kì í tètè jáde. Bẹ́ ẹ bá délé, inú fìrísà ni kẹ́ ẹ tọ́jú láfún sí, kòkòrò kò ní rí i.

Fún ẹni méjì, omi kọ́ọ̀pù mẹ́rin, láfún kọ́ọ̀pù méjì. Ẹ bu kọ́ọ̀pù omi gbígbóná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi kí ìyókù hó gidi kẹ́ ẹ tó da láfún sí i, torí omi tí kò hó ló ń jẹ́ kó di kókó. Sítóófù oníná ti ìlú òyìnbó kì í tutù kíá bí ẹ bá ti dín iná kù, ìsàlẹ̀ ìkòkò á jóná. Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀, ẹ gbé e lé tówẹ̀lì tí ẹ ká, kẹ́ ẹ wá fi orógùn rò ó níbẹ̀. Ẹ wọ́n omi tẹ́ ẹ bù sílẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tún un rò. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀, torí bó bá ń tutù ló ń le.

Ẹni tó ń bọ̀ wálé ńkọ́? Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní búkà, nígbà tí wọ́n ṣì ń rò ó. Gbẹ̀gìrì máa ń tètè kan nínú ooru, ti alẹ́ kì í ṣe ti gbogbo ikùn. Ẹ ní kí wọ́n fi ewédú pọ̀, kí ata kéré fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá ra omi inú ọ̀rá, ẹ fọ igun rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi eyín já a.