Ṣọ́ọ̀bù ìwé tòkunbọ̀ tí mo ti ra Nagarjuna ní Lágere

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé n'Ífẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ìwé tòkunbọ̀ kan wà lẹ́bàá títì tẹ́ ẹ bá ń ti Mayfair lọ sí Lágere, ẹ yà síbẹ̀. Bọ̀dá tó ń tajà mọ ohun tó ń tà, torí ibòmíì òkìtì ìwé JAMB lásán lẹ máa bá. Mo kàn béèrè ìwé ẹ̀sìn Búdà ni, ó wọ inú lọ ó gbé ìwé tí Nagarjuna kọ jáde, ó ní "Ẹ jókòó sà, ẹ kà á wò ná, tí ò bá wù yín ẹ fi sílẹ̀."

Mọ́ǹkì ará Íńdíà ni Nagarjuna, apá gúúsù ni wọ́n ní ó ti wá, ní nǹkan bíi 1,800 ọdún sẹ́yìn, títí dòní wọ́n ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní Tibet, Ṣáínà àti Japan. Orí 27 ló wà nínú ìwé yìí, ewì kéékèèké ni gbogbo ẹ̀, ó le o, kí n má purọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí kìíní, orí 10 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Iná àti igi ìdáná ló ń sọ níbẹ̀: tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, a jẹ́ pé ohun tó ń jó àti ohun tó ń jóná ti di ẹyọ kan, tí wọ́n bá sì yàtọ̀ pátápátá, iná ì bá máa jó láìsí igi nídìí ẹ̀, méjèèjì ò sì ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí orí 24, ibẹ̀ ni owó yín á ti pé. Ẹnìkan ń bá a jiyàn pé tí gbogbo nǹkan bá ṣófo bí Nagarjuna ṣe wí, kò sí Búdà nìyẹn, kò sí ẹ̀kọ́, kò sí ìjọ. Nagarjuna ní rárá, òfo tóun ń wí ni pé kò sóhun tó dá dúró láìgbára lé nǹkan míì, tí ìyà bá lè dá dúró fúnra ẹ̀ ta ló fẹ́ mú un kúrò? Ìgbà tó jẹ́ pé nǹkan ló fà á, ó lè tán. Gbólóhùn yìí gbé mi dìde gan-an. Ó tún kìlọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ òfo yìí lódì dà bí ẹni tó mú ejò níbi tí ò yẹ, tàbí tó ṣi ọfọ̀ pè, ní Ifẹ̀ níbí kò sẹ́ni tó nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ìwé pẹlẹbẹ kan tún wà níbẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n ní ó kọ sí ọba. Ẹ̀yin tí ò fẹ́ wàhálà àríyànjiyàn, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà. Ó sọ fún ọba pé kó tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kí wọ́n máa rí oúnjẹ, omi, oògùn, aṣọ, ibi ìwẹ̀ àti ẹni tó máa gẹ irun wọn, ọba ayé ìgbà yẹn o!

Ìwé olórí 27 yẹn gbówó lórí díẹ̀, ẹnìkan sì ti fi báírò kọ nǹkan kún etí ìwé tèmi, àmọ́ kò sójú ewé tó já. Wọ́n ń gba tránsífà. Tẹ́ ẹ bá rí àlàyé tí Candrakirti, mọ́ǹkì míì tó wá lẹ́yìn Nagarjuna, ṣe lórí ìwé yìí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kí bọ̀dá bá mi tọ́jú ẹ̀.